Ara Wọn Ni Ò Kàn Yá Díẹ̀

Ọjọ́bọ̀, 30 oṣù kẹwàá 2025. Wythenshawe, Manchester.

Mánéjà ti fọwọ́ sí leave mi. Ó bi mí bóyá etí òkun ni mò ń lọ yá oòrùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni ǹ bá sọ? Pé mò ń lọ sí Íjíbítì lọ bá ìyá àgbàlagbà kan tí mi ò rí rí, kí n lè sọ fún wọn pé àbúrò wọn ti kú?

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, torí ọkàn mi ò dúró sójú kan. Bàbá Náílì — èmi ni mo sọ wọ́n bẹ́ẹ̀, Samir lorúkọ wọn — wà lára àwọn àgbàlagbà tí mò ń lọ tọ́jú nílé wọn. Ọdún méjì gbáko. Ọmọ Esna ni wọ́n, ìlú kékeré kan létí odò Náílì. Àádọ́ta ọdún ní Manchester, kò síyàwó, kò sọ́mọ. Tí mo bá ń wẹ̀ fún wọn láàárọ̀, Esna ṣáá ni. Odò. Ọkọ̀ ojú omi. Nadia, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, ẹnì kan ṣoṣo tó kù fún wọn láyé. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n kú. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, wọ́n ki tẹ̀súbà wọn bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní kí n fi lé Nadia lọ́wọ́, kí n má rán ẹnikẹ́ni. Mo ní mo gbọ́. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Social worker kọ lẹ́tà sí Esna, kò séèsì. Èmi rí nọ́ńbà aládùúgbò Nadia kan nínú ìwé Bàbá Náílì: Hanan, tíṣà tó ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo pè é. Mo kàn ní mò ń bọ̀ wá kí Màmá ni. Ta ló ń túfọ̀ fún àgbàlagbà lórí fóònù?

Fúnmi tá a jọ ń gbélé — Alelúyà ni mò ń pè é, orin ìsìn ni látàárọ̀ ṣúlẹ̀ — ní orí mi ti dàrú. Ó ní ìgbà wo ni mo rí bàbá tèmi ní Ẹ̀pẹ́ gbẹ̀yìn, tí mo fi ń wọkọ̀ òfuurufú lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá oníbàbá? Mo ní èwo ni toníbàbá? Ó ní kí n dáhùn ìbéèrè.

Ọdún mẹ́ta. Mo wọ yàrá mi lọ.

Jímọ̀, 31/10.

Voice note Bàbá dé, bó ṣe máa ń dé lẹ́yìn ìrun gbogbo Jímọ̀. "Àlímọ̀ Ọ̀sà, ṣé òtútù ò máa pa ẹ́ níbẹ̀ yẹn?" Bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kódà nínú oṣù keje. Ikọ́ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní eruku ni.

Mo sọ ti Íjíbítì fún wọn. Inú wọn dùn! Ogójì ọdún ni wọ́n fi kan ọkọ̀ ojú omi létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, wọ́n ní kí n wo bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń kan tiwọn, kí n wá ròyìn. Kí n wo ìdí ọkọ̀ dáadáa, wọ́n ní ìdí la fi ń mọ ọkọ̀ gidi. Ní tèmi, ṣé iṣẹ́ tí mò ń lọ jẹ́ ò tó?

Ọjọ́ Ajé, 3/11.

Báàgì kan péré. Mo fi ìbọ̀sẹ̀ di tẹ̀súbà, mo tì í sí àpò inú. Mo ti tú u wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4/11. Esna.

Ọkọ̀ òfuurufú méjì, takisí kan tí awakọ̀ ẹ̀ ń fi fèrè kí gbogbo ẹni tó bá rí. Ẹ̀yìn ẹ̀, odò. Ó fẹ̀, ó dákẹ́. Koríko tútù létí ẹ̀, ìrèké, lẹ́yìn náà òkè gbígbẹ pupa. Òórùn ẹja, ẹrẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀pẹ́ gẹ́lẹ́! Ojú mi ṣomi. Mo bínú sí ara mi.

Hanan wá pàdé mi. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, awò lójú, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Ó mú mi gba ojú ọ̀nà tóóró kan dé ẹnu ilẹ̀kùn aláwọ̀ búlúù. Màmá Nadia jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń hun súwẹ́tà. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ìyá kúkurú, aṣọ dúdú dé ilẹ̀, ojú Bàbá Náílì lójú wọn. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n fò dìde, wọ́n rò pé mo ṣubú ni! Hanan ní kí ló ṣe mí. Mo ní ìkíni ni. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Wọ́n wá fi ọwọ́ méjèèjì di ojú mi mú, wọ́n bèèrè ohun kan ṣoṣo. Hanan túmọ̀ ẹ̀: báwo ni Samir?

Láti Manchester ni mo ti to ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ti kà á bí ẹni ń ka súrà. Ẹnu mi là, ohun tó jáde ni:

"Ara wọn ni ò kàn yá díẹ̀."

Mi ò pinnu ẹ̀ o. Ọlọ́run gbọ́. Bá a ṣe ń sọ ọ́ nílé ni. Tẹ́nì kan bá kú, ara ẹ̀ ò yá lónìí. Lọ́la, ó le díẹ̀. Lọ́tùnla, àgbàlagbà méjì á yọ sí ẹ nílé, wọ́n á máa bi ẹ́ ní ìbéèrè tí ò nítumọ̀, wọ́n á ní kó o jẹun ná. Kó o jẹun kó o lè lágbára gbọ́ ọ. Nígbà tí Ìyá mi kú, mo jẹ odidi abọ́ ìrẹsì kan tán, wọ́n ń wò mí, kí wọ́n tó là á. Títí dòní mi ò fẹ́ràn ìrẹsì.

Nítorí náà: ara ò yá lónìí. Lọ́la, ó le. Ọjọ́bọ̀, mo sọ ọ́. Kò burú.

Ọjọ́rú, 5/11.

Mo ní ó ti le díẹ̀. Màmá ní kí n fọkàn balẹ̀, pé orí Samir le láti kékeré, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ta á nípàá níwájú orí, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló tiro.

Ọjọ́bọ̀, 6/11.

Mi ò sọ ọ́.

Mo sá jáde láàárọ̀. Tẹ́ńpìlì àtijọ́ kan wà láàárín ọjà, nísàlẹ̀ ilẹ̀, àtẹ̀gùn lèèyàn ń gbà sọ̀kalẹ̀, bí ẹni ń lọ sínú kànga. Ìlú ti ga lé e lórí. Àwọn òpó ràgàjì, àwòrán ẹyẹ, àwọ̀ ṣì wà lára wọn. Àwọn olùbẹ̀wò ń ya fọ́tò. Mi ò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò gbà. Mo jáde, mo wọ ọjà, ọkùnrin mẹ́ta fi ìborùn lọ̀ mí, mo ra ọ̀kan kí wọ́n lè fi mí sílẹ̀.

Létí odò, mo rí àwọn tó ń kan ọkọ̀. Ìyẹn dá mi dúró. Òwú ni wọ́n ń kì bọ àárín pákó, wọ́n ń fi ìṣó pẹlẹbẹ tì í wọlé kí omi má lè ráàyè. Mo wo ìdí ẹ̀ dáadáa. Mo fi voice note ìṣẹ́jú mẹ́rin ránṣẹ́ sí Bàbá. Inú wọn á dùn jù.

Mo padà sílé, Màmá ti ń di ẹrù tí màá gbé lọ fún Samir. Wọ́n fa àpò kan yọ, wọ́n ní kí n gbóòórùn ẹ̀. Ewédú ni o! Ewédú gbígbẹ! Wọ́n ń pè é ní mulukíyà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rẹ́rìn-ín látinú nìyẹn. Wọ́n fi ilá gbígbẹ tì í, àti búrẹ́dì kan tí wọ́n máa ń sá sóòrùn kó wú kí wọ́n tó yan án. Wọ́n bù ú fún mi, mo jẹ ẹ́, àwọn ò jẹ. Wọ́n ní kí n pe Samir lórí fídíò kí àwọn lè bá a wí lórí oúnjẹ.

Mo ní wọ́n ń sùn. Mo ní network ilé ìwòsàn yẹn ò dáa.

Hanan wò mí fún ìgbà díẹ̀ kó tó túmọ̀ ẹ̀.

Jímọ̀, 7/11.

Mo bá Màmá lọ kírun. Wọ́n pẹ́ lórí ìforíkanlẹ̀. Hanan ní wọ́n ń bẹ Ọlọ́run kó gbé Samir dìde. Mo ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn tó ti là. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ gbé mi mì.

Voice note Bàbá ò dé. Mo pè wọ́n, fóònù ti kú. Mo pe Mùíz, àbúrò mi tó wà nílé pẹ̀lú wọn. Ó ní Bàbá ń sùn. Mo ní lágogo mẹ́ta ọ̀sán? Ó ní ikọ́ yẹn náà ni, ara wọn ni ò kàn yá díẹ̀. Ó ní kí n gbádùn ìrìn àjò mi.

Mo ní ó dáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8/11.

Súwẹ́tà tí Màmá ń hun, ti Samir ni. Búlúù. Wọ́n nà án sí mi láyà, wọ́n bèèrè ibi tí èjìká ẹ̀ dé báyìí, ṣó ti fọn ni àbí ó ṣì lẹ́ran lára. Mo fọwọ́ júwe. Mo fọwọ́ mi júwe èjìká tí mo rí tí wọ́n gbé sínú ilẹ̀! Wọ́n já òwú díẹ̀, wọ́n dín in kù.

Mo pe Mùíz lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ti gbé Bàbá lọ sílé ìwòsàn, ó ní network ò dáa níbẹ̀. Ó bi mí ọjọ́ tí mo máa padà sí Manchester. Mo ní Ọjọ́bọ̀. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún ní ṣé Fúnmi máa wà nílé.

Voice note ọkọ̀ ò tíì dé fóònù Bàbá. Àmì kan péré ló wà níwájú ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9/11.

Mo rìn láti afárá dé ibi tí wọ́n ti sé odò, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tẹ̀súbà lápò, mi ò lè jókòó.

Ọjọ́ Ajé, 10/11.

Mo ti sọ ọ́.

Ní ọ̀sán, Hanan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé Màmá ń gbààwẹ̀? Ààwẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n jẹ́ẹ̀jẹ́ ẹ̀, Ọjọ́bọ̀, Ajé, Ọjọ́bọ̀, kí Samir lè gbádùn. Mo rántí búrẹ́dì Ọjọ́bọ̀ yẹn. Èmi ń jẹ, àwọn ń wò mí. Arúgbó ń febi panú nítorí ara tó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ nínú ilẹ̀ Manchester, èmi sì ń rẹ búrẹ́dì sínú ọbẹ̀. Mo ní kí Hanan má lọ, kó dúró dè mí di ìṣínu.

Oòrùn wọ̀. Màmá fi dàbínù kan àti omi ṣínu. Mo ní kí wọ́n jẹun sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ní kí wọ́n jẹun ná! Wọ́n jẹ ẹ̀wà díẹ̀. Mo sún mọ́ wọn, mo tú ìbọ̀sẹ̀. Wọ́n rí tẹ̀súbà kí n tó lanu. Wọ́n gbà á, wọ́n fi imú gbóòórùn ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ, mi ò nílò Hanan kí n tó mọ̀ pé ọjọ́ ni wọ́n ń bèèrè.

Mo sọ ọjọ́ náà. Wọ́n ní ta ló wẹ̀ ẹ́? Mo ní àwọn ọkùnrin mọ́ṣáláṣí. Èèyàn mélòó ló kírun sí i lára? Mo ní mọ́kànlá. Ṣé òjò ń rọ̀? Mo ní ó ń rọ̀. Ìwọ wà níbẹ̀? Mo ní mo dúró lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá igi. Wọ́n ń mi orí sí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Wọn ò sunkún. Wọ́n ka tẹ̀súbà yẹn yípo lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, Hanan sì ń túmọ̀ ẹ̀ láìwo ojú mi:

"Ọjọ́ mẹ́fà lo ti wà nílé mi. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ń tọrọ ìlera fún ẹni tó ń retí kí n tọrọ àforíjìn fún òun. Òkú ò ní nǹkan mìíràn tó ń retí lọ́wọ́ wa. Ìwọ lo dí i lọ́nà."

Mo dojú bolẹ̀. Mo bẹ̀. Mo ṣàlàyé pé bá a ṣe ń ṣe nílẹ̀ wa nìyẹn, kì í ṣe irọ́, àánú ni. A kì í là á mọ́ àgbàlagbà lójú. Ẹni tó bá sì wà lẹ́yìn odi, a ò ní sọ fún un rárá, àfi tó bá délé, tí èèyàn wà lọ́dọ̀ ẹ̀ tó lè dì í mú.

Hanan túmọ̀ ẹ̀. Ìbínú ti kúrò lójú Màmá. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí.

"Ìwọ ńkọ́?" ni Hanan túmọ̀. "Ṣé ìwọ ò sí lẹ́yìn odi ni?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11/11.

Rárá. Ikọ́ ni. Eruku ni.

Ara wọn ni ò kàn yá díẹ̀. Wọ́n ń sùn. Network ò dáa. Ẹnu tèmi ni gbogbo ẹ̀ ti jáde! Mo ka ìwé yìí padà láàárọ̀, mo rí i níbẹ̀, ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́: ti Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ fún Màmá, ti Jímọ̀ àti Àbámẹ́ta láti ẹnu Mùíz. Ọ̀rọ̀ kan náà.

Mo pè é. Mo ní, "Mùíz, gbé fóònù fún Bàbá." Ó ní wọ́n ń sùn. Mo ní kó jí wọn. Mo ń gbọ́ ilé wa lẹ́yìn ẹ̀: èèyàn rẹpẹtẹ, wọ́n ń wọ́ ẹní nílẹ̀, ohùn obìnrin kan ń bèèrè ibi tí kẹ́tùlù àlùwàlá kù sí. Ilé ìwòsàn wo nìyẹn?

Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ délé ná, Àǹtí mi."

Ó yẹ kí n bi í. Ọ̀rọ̀ kan péré: ọjọ́ wo? Arúgbó ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin bèèrè ẹ̀. Èmi ò lè bèèrè. Mo ní kó kí wọn fún mi tí wọ́n bá jí.

Ojo ni mí.

Ọjọ́rú, 12/11.

Mò ń lọ. Ilé Màmá ti kún láti àná, àwọn obìnrin ń kéwú fún Samir, ẹnikẹ́ni ò bú mi. Wọ́n parí súwẹ́tà yẹn. Èmi ni wọ́n gbé e wọ̀, lẹ́nu ọ̀nà, nínú oòrùn gbígbóná, wọ́n fà á wálẹ̀ dé ìdí mi. Hanan ní wọ́n ní òtútù wà ní Manchester.

Mo sunkún títí a fi dé ẹ́pọ́ọ̀tù. Awakọ̀ ò fọn fèrè kankan.

Ọjọ́bọ̀, 13/11. Wythenshawe.

Fúnmi ló wá pàdé mi ní ẹ́pọ́ọ̀tù. Alelúyà! Tí kò fi shift sílẹ̀ nígbà tó ní ibà, tí kò fi í sílẹ̀ nígbà ìgbéyàwó àbúrò ẹ̀, tó wo ìyẹn lórí fóònù nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Láti ẹ́pọ́ọ̀tù délé wa ò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, mo lè wọ tram. Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi. Kò bèèrè nǹkan kan nípa Íjíbítì. Kò tan orin nínú ọkọ̀.

Bàtà méjì wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo mọ sáńdà yẹn. Ti Alfa Abdulwasiu ni, olórí àsàlátù wa, tìyàwó wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Oldham ni wọ́n ń gbé, òdìkejì Manchester. Láti Oldham dé Wythenshawe, lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ iṣẹ́.

Wọ́n dìde fún mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹ kú ìrìn, ṣé oòrùn mú níbẹ̀, ṣé ẹ rí odò Náílì yẹn? Ìyàwó wọn ń wo ọwọ́ mi. Fúnmi gbé iṣu àti ẹyin díndín wá, ó bu omi sí i.

Ó ní, "Halimah, jẹun ná."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n pààrọ̀ aṣọ. Mo gbé abọ́ iṣu wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Wọ́n wà ní pálọ̀, wọ́n ń dúró kí n yó.

Súwẹ́tà ṣì wà lọ́rùn mi. Òtútù ò pa mí, Bàbá. Mo wo ìdí ọkọ̀ wọn dáadáa.

Tí mo bá jẹ iṣu yìí, ara wọn ò kàn yá díẹ̀ ni, títí màá fi jẹ ẹ́ tán. Mo lè jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mo lè jẹ ẹ́ di alẹ́. Ṣùgbọ́n láti Jímọ̀ ni, àbí? Ọjọ́ mẹ́fà. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ń tọrọ kí ikọ́ yẹn lọ.

Mi ò jẹ ẹ́. Mo ti ṣe àlùwàlá. Màá kọ́kọ́ tọrọ àforíjìn fún Bàbá ná, kí n tó ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni.